Ẹ lọ wo àríwá Cameroon, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yan ẹni tó máa ní ‘Ẹ jẹ́ ká padà’

Bí ìsinmi ọdún bá dé, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn Douala mọ̀: Kribi tàbí Limbe. Etíkun ni méjèèjì. Wọ́n á jẹ ẹja yíyan, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sílé. Àwa ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ìlú yìí kò yàtọ̀ sí wọn. Bí a ò bá lọ sí etíkun, Èkó tàbí Ìbàdàn là ń lọ.

Ẹni tó bá ní àríwá ni òun ń lọ, ìyẹn Ngaoundéré, Garoua tàbí Maroua, wọ́n á wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti dàrú. “Kí lo fẹ́ lọ ṣe nínú oòrùn yẹn?” Kó tó dáhùn, ìbéèrè kejì á ti tẹ̀lé e: “Ṣé o fẹ́ kí Boko Haram gbé ọ lọ ni?”

Lójú tèmi, ó yẹ ká máa lọ. Ṣùgbọ́n mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó rò pé jíìpù ńlá àti àyà líle ti tó fún irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó gbóná, tó jìnnà sí ilé ìwòsàn àti mẹkáníìkì, kò mọ alágbára. Àwọn baba wa tó ń ṣòwò lọ sí ọ̀nà jíjìn mọ bí wọ́n ṣe ń rìn ín. Ọgbọ́n yẹn ni a ti gbàgbé, òun ló sì yẹ ká kọ́ padà kí a tó gbéra.

Ohun tó wà lókè lọ́hùn-ún

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí èèyàn ń pàdánù. Láti Douala dé Maroua lé ní 1,300 kìlómítà. Ọkọ̀ ojú irin kan máa ń gbéra ní Yaoundé ní ìrọ̀lẹ́, á rìn mọ́jú, á sì dé Ngaoundéré ní ọjọ́ kejì. Ọdún 1974 ni ojú irin náà dé ibẹ̀, kò sì kọjá ibẹ̀ títí di òní. Láti Ngaoundéré lọ, títì ni.

Ngaoundéré wà lórí òkè pẹrẹsẹ Adamawa, ó ga ju 1,000 mítà lọ, atẹ́gùn ibẹ̀ sì tutù. Bí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Garoua ni ooru á dé, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò. Igi á máa dínkù, koríko á máa gbẹ, abúlé kan á sì jìnnà sí ìkejì.

Lójú ọ̀nà yìí ni ọgbà ẹranko Bénoué wà, níbi tí erinmi ń gbé nínú odò. Odò yìí kan náà ni à ń pè ní Benue ní Nàìjíríà, èyí tó ń ṣàn gba Makurdi kọjá kó tó pàdé odò Ọya ní Lokoja. Orí rẹ̀ ni dáàmù Lagdo wà. Ọmọ Nàìjíríà wo ni kò tíì gbọ́ orúkọ Lagdo nínú ìròyìn omíyalé? Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tú omi rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni à ń dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró létí adágún náà tó rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ wọn, á mọ̀ pé àwọn èèyàn ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì ń mu nínú rẹ̀.

Garoua fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Ahmadou Ahidjo, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀èdè Cameroon. Ní oṣù Kíní ọdún 2022, pápá ìṣeré Roumdé Adjia ní ìlú náà ni Super Eagles ti gbá gbogbo bọ́ọ̀lù wọn nínú ìdíje AFCON. Wọ́n na Egypt ní 1-0, wọ́n na Sudan ní 3-1, wọ́n na Guinea-Bissau ní 2-0, kí Tunisia tó fi góòlù kan ṣoṣo lé wọn lọ sílé. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ orúkọ Garoua lórí tẹlifíṣọ̀n láìmọ apá ibi tó wà.

Bí a bá tún kọjá Garoua, a ó dé Maroua, ìlú àwọn oníṣẹ́ awọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè Mandara, lẹ́bàá ẹnu ibodè Nàìjíríà, níbi tí òkúta Rhumsiki ti yọrí sókè gọngọ bí ọ̀pá. Ní abúlé yẹn, akàn ni awo máa ń fi wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀la. Ẹni tó bá ti rí babaláwo pẹ̀lú ọ̀pẹ̀lẹ̀ rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 2025, àjọ UNESCO fi àwọn àwókù olókùúta ayé àtijọ́ tó wà lórí òkè Mandara, èyí tí wọ́n ń pè ní Diy-Gid-Biy, kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ní ìhà àríwá sí i ni ọgbà ẹranko Waza wà, èyí tó di ọgbà orílẹ̀èdè ní ọdún 1968. Erin, kìnnìún àti àgùnfọn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀

Mi ò ní bu ẹni tó ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 2013, àwọn agbébọn jí ìdílé Faransé kan gbé ní Dabanga, nítòsí Waza, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ọgbà ẹranko náà. Èèyàn méje ni wọ́n, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi wà ní ìgbèkùn kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2015, àwọn tó so bọ́ǹbù mọ́ra pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Maroua láàárín ọjọ́ mélòó kan. Boko Haram kò tíì kúrò ní agbègbè náà títí di òní.

Ọ̀nà gúúsù náà kò ṣàìní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2016, títì tó so Yaoundé pọ̀ mọ́ Douala já ní Matomb. Èrò rọ́ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n sì so ọkọ̀ kún èyí tó fẹ́ gbéra. Ọkọ̀ náà yà kúrò lójú irin ní Eséka, ó kéré tán, èèyàn 79 ló kú. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó sọ pé kí a má lọ sí Yaoundé mọ́. Èèyàn kọ́ láti béèrè ìbéèrè kó tó wọkọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe nípa àríwá náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kó ọ̀rẹ́ lọ sí Waza tàbí Rhumsiki lónìí. Àwọn ibi tó wà lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà àti agbègbè adágún Chad kò tíì ṣeé fi ṣeré. Ṣùgbọ́n àríwá tóbi. Adamawa yàtọ̀ sí Garoua, Garoua sì yàtọ̀ sí ẹnu ibodè. Ọ̀nà tó dára ní oṣù tó kọjá lè máà dára ní oṣù yìí, torí àwọn ajínigbé gbówó kò fi ibì kan ṣe ilé. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a ní “àríwá ò dáa”, a ò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là, a kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni.

Ooru kì í pariwo

Ẹ̀rù agbébọn máa ń jẹ́ kí a gbàgbé ohun mìíràn tó ń pani ní ilẹ̀ gbígbóná. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí òkú èèyàn 92 nínú aṣálẹ̀ Niger, nítòsí ibodè Algeria. Ọmọdé ni 52 nínú wọn, 33 sì jẹ́ obìnrin. Kò sí ẹni tó yìnbọn fún wọn. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ ló bàjẹ́, omi tán, òùngbẹ sì pa wọ́n. Àwọn yẹn kò rìnrìnàjò afẹ́, ìṣẹ́ ló lé wọn jáde nílé. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í béèrè ìdí tí èèyàn fi jáde.

Àwa tó ń gbé Douala tàbí Èkó rò pé a mọ ooru. Ooru tiwa ní omi nínú. Bí a bá làágùn, aṣọ á rin, a ó sì mọ̀ pé omi ń jáde lára wa. Ní òkè lọ́hùn-ún, láti oṣù Kẹta dé oṣù Kárùn-ún, ooru sábà máa ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, atẹ́gùn ibẹ̀ sì gbẹ. Bí òógùn bá ti jáde ló ń gbẹ. Aṣọ kò ní tutù, èèyàn á sì rò pé ara òun le, nígbà tí omi ara rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, tí òòyì ń kọ́ni, tí ẹnìkan nínú ọkọ̀ sì ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré nìyẹn. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ da omi sí i lára, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá dókítà.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì ni kí èèyàn lọ, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Omi lítà márùn-ún ni kí ẹ kà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ó kéré tán, kí ẹ sì fi omi ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà ní àárọ̀ kí ilẹ̀ tó gbóná, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa gbóná, a sì máa bẹ́ lórí eré. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ níbi tí kò sí abúlé, ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. Ọkọ̀ ní ibòji, ó sì rọrùn láti rí ju èèyàn lọ.

Bí àwọn alájàpá ṣe ń rìn

Kò sí ohun tuntun nínú gbogbo èyí. Nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, alájàpá kì í dá rìn. Wọ́n á dúró de ara wọn títí wọ́n á fi pọ̀, wọ́n á sì jọ gbéra. Wọ́n mọ bodè tí wọ́n máa kọjá, wọ́n sì mọ ohun tí oníbodè máa gbà. Àwọn Hausa tó ń ra obì ní Salaga, ní Ghana òde òní, tí wọ́n ń gbé e lọ sí Kano, tilẹ̀ ní orúkọ fún olórí ọ̀wọ́ èrò bẹ́ẹ̀. Madugu ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, ibi tí wọ́n máa sùn, ìgbà tí wọ́n máa gbéra, òun náà ló sì ń bá àwọn oníbodè sọ̀rọ̀. Olówó lè wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ní ẹrù ju tirẹ̀ lọ. Bí madugu bá ní ibí yìí la dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.

Lóde òní, a ní fóònù, a ní máàpù, a ní ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Madugu ni a ò ní mọ́.

Nínú ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, ta ló ń pàṣẹ? Ẹni tó dàgbà jù ni, tàbí ẹni tó ni ọkọ̀, tàbí ẹni tó sanwó epo. Láàárín àwa Yorùbá, ó ṣòro kí ọmọdé sọ fún àgbà pé ohun tó fẹ́ ṣe kò dára. Ó tún ṣòro kí ẹni tí wọ́n gbé lọ́fẹ̀ẹ́ sọ fún ẹni tó gbé e pé kó yí ọkọ̀ padà. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojo ni wọ́n máa pè é. Gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ lè máa bẹ̀rù nínú ọkàn wọn, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́, kí ọkọ̀ sì máa sáré lọ.

Nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin fẹ́ rin ọ̀nà yìí, ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta àti ọmọ Cameroon méjì ni wá. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Douala, òun ló sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọkọ̀ tí a háyà ní Ngaoundéré. Ẹni tó kéré jù jẹ́ nọ́ọ̀sì. Kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra ní Yaoundé, a jọ fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí ni abẹ gé lórí nǹkan mẹ́ta: omi, àsìkò tí a ó gbéra, àti bóyá a ó tẹ̀síwájú tàbí a ó padà.

Ní Garoua, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bọ̀dá wa ní ká máa lọ sí Maroua. Ó ní òun ti sanwó ọkọ̀, òun ò fẹ́ fi alẹ́ kan ṣòfò. Àbúrò wa fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó ní: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ilẹ̀ á ṣú bá wa lọ́nà. A ò lọ mọ́ lónìí.” Bọ̀dá fajú ro. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́ tán. Ṣùgbọ́n a ò lọ.

Mi ò gbọ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bóyá à bá dé Maroua láyọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìjà kò ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pe ẹnìkejì ní ojo, torí a ti yanjú ọ̀rọ̀ náà kí ó tó délẹ̀. Ní àárọ̀, a béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, a sì gbéra ní aago mẹ́fà. Maroua ni a ti yí padà. A ò dé Waza, a ò sì dé Rhumsiki.

Àwọn tó dá rìn ńkọ́?

Ẹnìkan lè sọ pé Kunle Adeyanju dá gun alùpùpù láti London wọ Èkó ní ọdún 2022, ó sì gba inú aṣálẹ̀ kọjá. Pelumi Nubi náà dá wa ọkọ̀ kékeré láti London, ó gbéra ní oṣù Kíní ọdún 2024, ó sì wọ Èkó ní oṣù Kẹrin. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó sì tọ́ sí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá rìn rọrùn fún ní ọ̀nà kan: bó bá rẹ̀ ẹ́, á dúró, kò ní ìtìjú ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àwa tó ń rìn pọ̀ ni ìtìjú ń dà láàmú. Adeyanju ti múra sílẹ̀ kó tó gbéra, ó sì ní ìdí tó ń gbà lọ, ìyẹn owó fún ìgbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Ọkọ̀ Nubi ní ìjàǹbá ní Côte d’Ivoire, síbẹ̀ ó fara balẹ̀ kó tó tẹ̀síwájú. Ìfarabalẹ̀ yẹn ló yẹ ká kọ́ lára wọn, ju àyà kíkí lọ.

Ta ló ń pàdánù?

Agbègbè Àríwá Jíjìn, tí Maroua jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ni òṣì pọ̀ sí jù ní Cameroon. Kí ogun Boko Haram tó dé, àwọn àlejò máa ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Awakọ̀ ń jẹ, afọ̀nàhàn ń jẹ, oníṣẹ́ awọ ń tajà, obìnrin tó ń se oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà ń rówó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó dáwọ́ wíwá dúró, ọjà dákẹ́. Àwa tí à ń gbé nítòsí ṣe bíi pé òyìnbó nìkan ló ń ní owó ìgbafẹ́. Owó tí à ń ná ní Kribi lọ́dọọdún lè gbé Ngaoundéré àti Garoua dìde, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dé ibi tí ìbọn wà.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ó yẹ kí ìròyìn ojú ọ̀nà wà lára ògiri gáréèjì lárààárọ̀, ní èdè Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Fulfulde: ọ̀nà tó ṣí, èyí tó tì, àti ìgbà tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn mọ́. Ó yẹ kí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn afọ̀nàhàn tí ìjọba mọ̀ wà níbi tí èrò ti lè rí i. Kí àwọn tó ń dúró lójú ọ̀nà náà sì wo ìwé wa, kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ. Oníbodè ayé àtijọ́ gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Kí ìyẹn tó dé, iṣẹ́ tiwa kò pọ̀. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jókòó, ẹ yan madugu yín. Ẹ má yan ẹni tó lówó jù tàbí ẹni tí àyà rẹ̀ le jù. Ẹni tó máa ń ka omi, tó máa ń wo aago, tí kò sì ń tijú láti bí ọ̀rẹ́ nínú ni kí ẹ yàn. Ẹ sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé bó bá ní ká padà, a ó padà, a ò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a bá délé. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má padà sílé. Ẹ máa lọ, ẹ wo odò Benue láti òkè rẹ̀, kí ẹ sì rántí ra bàtà awọ bọ̀ fún àwọn ará ilé.